Sírínjì wo, abẹ́rẹ́ wo? Ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gún testosterone tí dókítà kọ fún un

Ìwé tí dókítà kọ fún yín sọ orúkọ oògùn (testosterone, èròjà ọkùnrin inú ara), ó sọ iye tí ẹ ó máa gún, ó sọ ọjọ́ tí ẹ ó máa gún un. Abẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi gún un, lọ́pọ̀ ìgbà kò sọ ọ́. Ẹni tó bá dé kẹ́mísì, tó kàn ní "ẹ fún mi ní sírínjì", sírínjì 5 ml tí abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé wà lórí rẹ̀ ni wọ́n sábà ń nà sí i. Yóò fi abẹ́rẹ́ yẹn fa òróró inú ìgò, yóò tún fi òun náà gún itan. Itan á wú, á máa tiro fún ọjọ́ mẹ́ta, á ní oògùn náà kò bá òun lára mu. Ẹlòmíràn á bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ńlá, á lọ ra sírínjì àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, á jókòó tì í títí, òróró ò ní wọlé. Oògùn kò ṣe nǹkan kan. Irinṣẹ́ ni wọ́n ṣì yàn.

Ẹni tí dókítà ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún, tí nọ́ọ̀sì sì ti kọ́ lójúkojú bí a ṣe ń gún un, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Ẹni tó bá ń rà á lábẹ́lẹ̀ kí apá lè tóbi, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ẹni tó sì ń retí ọmọ, kó sọ fún dókítà kó tó gún ẹyọ kan, nítorí testosterone máa ń mú kí irúgbìn inú àtọ̀ dín kù gan-an.

Oògùn tí à ń sọ ni èyí tó wà nínú òróró: testosterone enanthate, cypionate, àti Sustanon 250. Testosterone undecanoate, èyí tó jẹ́ 1000 mg nínú 4 ml, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Òun pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Òṣìṣẹ́ ìlera ló ń gún un ní ilé ìwòsàn. Ẹ má gbé e lọ sílé.

Ohun tí ẹ ó kó jọ

Fún gígún ẹ̀ẹ̀kan:
- oògùn àti ìwé tí dókítà kọ
- sírínjì kan, 1 ml tàbí 2 ml, tí a lè yọ abẹ́rẹ́ orí rẹ̀
- abẹ́rẹ́ ìfà kan, 21G (G ń sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó, ẹ wo ìgbésẹ̀ 3)
- abẹ́rẹ́ ìgún kan, 23G tàbí 22G (gígùn rẹ̀ ń bọ̀ ní ìgbésẹ̀ 4)
- òwú onísípíríìtì méjì, ọ̀kan fún ìgò, ọ̀kan fún ara
- òwú gbígbẹ tó mọ́
- ike líle tó ní ìdérí, fún abẹ́rẹ́ tí a ti lò
- ọṣẹ, omi tó ń ṣàn, aṣọ ìnura tó mọ́

Bí ẹ bá ń gún un lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 12, tó jẹ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta, jẹ́ sírínjì 12, abẹ́rẹ́ 24 àti òwú onísípíríìtì 24. Ẹ fi méjì méjì kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí abẹ́rẹ́ á já bọ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, èyí tó bá sì ti kan ilẹ̀ ti di jíjù nù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ mg di ml

Dókítà ń kọ mg, sírínjì sì ń ka ml. Ẹ wo ara ìgò, ẹ wá iye mg tó wà nínú 1 ml. Ẹ fi í pín iye mg tí dókítà kọ.

Bí ìgò bá jẹ́ 250 mg/ml, 125 mg jẹ́ 0.5 ml, 100 mg jẹ́ 0.4 ml, 75 mg jẹ́ 0.3 ml. Bí ìgò bá jẹ́ 200 mg/ml, 100 mg jẹ́ 0.5 ml.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú: ilé oògùn pààrọ̀ oògùn, ẹni náà kò tún ìṣírò ṣe. Ẹni tó ti mọ́ lára láti gún 0.5 ml nínú ìgò 200, tó bá fi ojú àná fa 0.5 ml nínú ìgò 250, ti gún 125 mg dípò 100 mg. Gbogbo ìgbà tí páálí bá yí padà ni kí ẹ tún ìṣírò ṣe.

Níbi tí ẹ ti ń ka ara páálí yẹn náà ni kí ẹ ti wo irú òróró tó wà nínú rẹ̀. Òróró ẹ̀pà wà nínú Sustanon, nítorí náà ẹni tí ẹ̀pà bá ń bá jà lára gbọ́dọ̀ pariwo rẹ̀ fún dókítà àti apòògùn. Àwọn enanthate kan jẹ́ òróró yànmọ̀tí, àwọn mìíràn jẹ́ òróró lárà. Òróró lárà ki ju ti yànmọ̀tí lọ, ẹ ó sì rí i ní ìgbésẹ̀ 3 ìdí tí èyí fi kan yíyan abẹ́rẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ iye ml yín sára páálí pẹ̀lú báírò, kí apòògùn tàbí nọ́ọ̀sì bá yín tún un ṣírò. Bí ti yín àti tiwọn bá dọ́gba, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan sírínjì

Sírínjì tó kéré jù lọ tí oògùn yín lè wọ̀ ni kí ẹ rà. Ìlà ara rẹ̀ ni ìdí. Sírínjì 1 ml ń ka 0.01 ml ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ti 2 ml sábà ń ka 0.1. Ti 5 ml sábà ń ka 0.2, èyí ni pé 0.5 ml kò tilẹ̀ ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀, àárín 0.4 àti 0.6 ló bọ́ sí, ojú lẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ṣì í ní 0.1 ml péré ti fi 25 mg kún un tàbí kó ti yọ 25 mg kúrò. Lára 125 mg, ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn.

Àǹfààní kejì ni pé sírínjì tẹ́ẹ́rẹ́ rọrùn láti tì. Agbára àtàǹpàkò kan náà máa ń ti òróró jáde dáadáa nínú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju nínú èyí tó fẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń gún 0.3 sí 0.7 ml, kó ra 1 ml. Ẹni tó ń gún 1 ml gan-an, kó ra 2 ml, nítorí sírínjì 1 ml tó kún dẹ́múdẹ́mú kò ní àyè tí a ó fi lé afẹ́fẹ́ jáde.

Ẹ tún wo ẹnu rẹ̀. Àwọn kan jẹ́ onítẹ̀ẹ́wọlé, abẹ́rẹ́ kàn ń wọ̀ ọ́ bí ìdérí báírò. Àwọn kan jẹ́ oníyíyí, wọ́n ní okùn bí ìdérí ìgò. Bí ẹ bá rí oníyíyí, òun ni kí ẹ mú. Òróró ń béèrè agbára, agbára yẹn sì lè ti abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu onítẹ̀ẹ́wọlé láàárín gígún, oògùn á tú sí itan àti ṣòkòtò, ẹ kò sì ní mọ iye tó wọlé. Bí onítẹ̀ẹ́wọlé nìkan ló wà, ẹ tẹ abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, ẹ fi yí i díẹ̀ kó lè mú.

Ìkìlọ̀: ẹ má gba sírínjì ìnsúlíìnì, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á sọ pé "1 ml náà ni". Ìlà ara rẹ̀ ń ka yúníìtì, 100 ni ó fi jẹ́ 1 ml, ẹni tó bá sì fẹ́ fa 0.5 lè fa 5. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ṣeé yọ, ó tín-ín-rín púpọ̀ fún òróró, ó sì kúrú débi tí kò lè dé inú ẹran itan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú sírínjì kan tí ẹ ti gbà láti sọ nù, ẹ fi fa omi títí dé iye ml yín. Ẹ gbé e sókè sí ojú. Rọ́bà inú rẹ̀ ní etí méjì tó kan ara ike yíká, ọ̀kan lápá abẹ́rẹ́, ọ̀kan lápá àtàǹpàkò. Etí tó wà lápá abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kà. Rọ́bà àwọn mìíràn tún ní ṣóńṣó láàárín. Ẹ má ka ṣóńṣó yẹn. Bí ẹ bá fà á lẹ́ẹ̀mẹta tó dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú yín ti mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ sírínjì yẹn nù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ àwọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ sì mú méjì

Nọ́ńbà tó ní G lẹ́yìn ló ń sọ bí abẹ́rẹ́ ṣe nípọn tó, ó sì ń ṣe òdìkejì ohun tí ojú ń retí: bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín. Ike ìdí abẹ́rẹ́ ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọ̀ yìí kan náà ni káàkiri ayé:

18G: pínǹkì, 1.2 mm
21G: àwọ̀ ewé, 0.8 mm
22G: dúdú, 0.7 mm
23G: búlùù, 0.6 mm
25G: àwọ̀ ọsàn, 0.5 mm
27G: àwọ̀ eérú, 0.4 mm

Ike ìdí abẹ́rẹ́ gan-an ni kí ẹ wò fún àwọ̀ yìí. Àwọ̀ tí wọ́n fi kun páálí tàbí ọ̀rá lè yàtọ̀.

Ẹ nílò méjì nítorí iṣẹ́ wọn kò jọra. Èyí tó ń fa oògùn gbọ́dọ̀ ní ihò tó fẹ̀ kí òróró lè wọlé. Èyí tó ń wọ ara gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kó sì mú. Abẹ́rẹ́ tó ti gún rọ́bà ìgò tàbí tó ti ha ìsàlẹ̀ ìgò, ẹnu rẹ̀ ti kú díẹ̀, ojú lásán kò rí i, ṣùgbọ́n awọ ara mọ̀ ọ́n. Òróró tún ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ níta, òróró yẹn sì máa ń ta ènìyàn bó ṣe ń gba awọ kọjá. Ọ̀pọ̀ itan tó wú lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ibẹ̀ ló ti wá.

Fún ìfà, 21G ni a fara mọ́ ju 18G lọ. Òótọ́ ni pé 18G yára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣẹ́ ìgò lọ́rùn, èérún gíláàsì kéékèèké máa ń bọ́ sínú oògùn, ihò ńlá sì ń fà wọ́n ju ihò kékeré lọ. Bí ìgò bá sì jẹ́ ọlọ́rọ́bà, 18G máa ń gé rọ́bà jẹ. Bí ilé oògùn bá ní abẹ́rẹ́ oníàsẹ́, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún fífa oògùn inú ìgò tí a ṣẹ́, ẹ gbà á. Ìfà nìkan ni ẹ ó lò ó fún, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi gún ara láéláé.

Fún ìgún, 23G ló bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Bí oògùn yín bá jẹ́ òróró lárà, tí 23G ń le láti tì, ẹ bọ́ sí 22G. Àwọn kan ń lo 25G fún òróró tó fúyẹ́, ó ṣeé ṣe, àmọ́ yóò pẹ́. Ìyàtọ̀ 0.1 mm kéré lójú, ṣùgbọ́n ihò inú abẹ́rẹ́ tó bá dín díẹ̀, òróró tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á dín kù gidigidi. Ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára ti 27G, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n, abẹ́rẹ́ á máa mì nínú ẹran, ìrora rẹ̀ á sì ju ti 23G tó dúró jẹ́ẹ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan gígùn

Ìwọ̀n ínǹṣì tàbí mm ni ẹ ó bá lára ọ̀rá rẹ̀. Ínǹṣì 1 jẹ́ 25 mm, ínǹṣì 1¼ jẹ́ nǹkan bí 32, ínǹṣì 1½ jẹ́ 38. "0.6 x 25 mm" túmọ̀ sí ìnípọn 0.6, gígùn 25.

Ẹ jókòó sórí àga, ẹ dẹ itan sílẹ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan wọn ìsàlẹ̀ eegun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ẹ fi òmíràn wọn òkè orúnkún. Àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yẹn, ní ẹ̀gbẹ́ ìta itan, ni ẹ ó ti máa gún. Ẹ ká awọ àti ọ̀rá ibẹ̀ jọ láàárín ìka méjì, kí ẹnì kan fi rúlà wọn ìnípọn rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni ọ̀rá yín, nítorí ìlọ́po méjì lẹ ká jọ.

Bí ẹ bá rí 2 cm, ọ̀rá yín jẹ́ nǹkan bí 10 mm. Abẹ́rẹ́ 25 mm á fi nǹkan bí 15 mm wọ inú ẹran, ìyẹn dára. Bí ẹ bá rí 4 cm, ọ̀rá jẹ́ 20 mm, abẹ́rẹ́ 25 mm á kàn tọ́ ẹran wò ni. Ẹ mú 38 mm.

Abẹ́rẹ́ tó kúrú jù á da òróró sínú ọ̀rá, ibẹ̀ á le bíi kókó, á sì máa dunni. Èyí tó gùn jù fún ẹni tó rù lè kan eegun. Kò léwu, ṣùgbọ́n ó ń dẹ́rù bani. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ tó ti oògùn.

Ìdí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń gba abẹ́rẹ́ láti kékeré, torí náà ọkàn á fẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín gún un níbẹ̀. Ẹ kò rí ibi tí ẹ ń gún, okùn iṣan ńlá tó lọ sí ẹsẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá. Èjìká ṣòro fún ọwọ́ kan, kò sì gbọdọ̀ gba ju 1 ml lọ. Itan ni ẹ rí kedere.

Bí dókítà bá kọ ọ́ pé abẹ́ awọ ni kí ẹ máa gún un, gbogbo gígùn yìí yí padà: 25G tàbí 27G kúkúrú, 13 sí 16 mm, ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ má fi èrò ara yín yí i sí abẹ́ awọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ìwọ̀n yín han nọ́ọ̀sì ní kíníìkì, kí ó fọwọ́ kan ibẹ̀, kí ó sì sọ pé gígùn náà tọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Rírà

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, tàbí kí ẹ kà á báyìí, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwọ̀n tí ẹ̀yin yàn rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀: "Ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, sírínjì 2 ml tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé yọ, mẹ́rìnlá. Abẹ́rẹ́ 21G aláwọ̀ ewé lọ́tọ̀, mẹ́rìnlá. Abẹ́rẹ́ 23G búlùù, 25 mm, mẹ́rìnlá." Wọn yóò dáhùn pé, "Àlájì, abẹ́rẹ́ ti wà lára sírínjì náà." Ẹ ní, "Mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n wo G rẹ̀." Ọ̀pọ̀ sírínjì 2 ml ló ń bá 23G búlùù wá. Bí gígùn rẹ̀ bá tọ́, ẹ ti rí abẹ́rẹ́ ìgún yín nìyẹn, 21G nìkan ló kù tí ẹ ó rà. Sírínjì 5 ml sábà ń bá 21G wá. Ẹni tó ti ní i nílé lè fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe ìfà, bí ọ̀rá rẹ̀ kò bá tíì ya.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà wọkọ̀ wá sí kíníìkì ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Ọ̀sẹ̀, ọjọ́ náà ni kí ẹ ra ti oṣù mẹ́ta pọ̀. Kẹ́mísì àdúgbò lè má ní abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, ohun tó bá sì wà nílẹ̀ ni wọn yóò fún yín.

Ẹ wo ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ń tà á. Kò gbọdọ̀ ya, kò gbọdọ̀ rin, ọjọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì kọjá. Àmì 2 tí wọ́n fi ìlà dá kọjá túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń lò ó. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí oògùn. Oògùn tó wà lórí àtẹ tí oòrùn ń pa, ẹ má rà á.

Bí ẹ bá délé, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí nípa ooru. Ti Sustanon ní kó má ju 30°C lọ, kó má sì wọ fíríìjì. Nínú ooru oṣù kẹta ní Ìlọrin, iyàrá tí páànù òrùlé ń yan lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi sí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ nínú iyàrá tó tutù jù. Bí gbogbo ilé bá gbóná, ẹ fi páálí sínú ike tó dé pa, ẹ gbé ike náà sínú ìkòkò amọ̀ tó jókòó sórí yanrìn tútù. Àwọn tó ń lo ìnsúlíìnì mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò láéláé.

Ìgbésẹ̀ 6: Fífa oògùn

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ tẹ́ ohun tó mọ́ sórí tábìlì.

2. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òróró máa ń ki. Bí ìgò ṣe wà ní dídé, ẹ dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tàbí abíyá fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá rí nǹkan funfun bí iyọ̀ nínú rẹ̀, ó yẹ kó yọ́ bó ṣe ń móoru. Bí kò bá yọ́, ẹ má lò ó. Ẹ má gbé e sórí iná.

3. Ẹ fi sípíríìtì nu ọrùn ìgò, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi ìka ta orí rẹ̀ kí òróró tó há sókè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi òwú wé ọrùn rẹ̀, ẹ ṣẹ́ orí rẹ̀ síwájú, kúrò lápá ọ̀dọ̀ yín. Tó bá jẹ́ ọlọ́rọ́bà, ẹ nu rọ́bà, ẹ fa afẹ́fẹ́ tó tó iye ml yín sínú sírínjì, ẹ tì í sínú ìgò náà kí ẹ tó fa oògùn.

4. Ẹ fi 21G fà á díẹ̀díẹ̀. Ìkánjú ló ń kó afẹ́fẹ́ wọlé. Ẹ fa díẹ̀ kọjá iye yín.

5. Ẹ kọjú abẹ́rẹ́ sókè, ẹ fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀ kí òróró tó wà nínú abẹ́rẹ́ ìfà bọ́ padà sínú sírínjì. Ọ̀pọ̀ ń fo ibí yìí, wọ́n sì ń sọ oògùn nù mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

6. Ẹ yọ 21G, ẹ jù ú sínú ike líle. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ dé e, ẹ fi ìdérí lélẹ̀ lórí tábìlì, ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbọ́n abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ kejì kò gbọdọ̀ di ìdérí mú.

7. Ẹ fi 23G tuntun wọ̀ ọ́. Ẹ ta ara sírínjì kí afẹ́fẹ́ gòkè, ẹ tì í títí ẹ ó fi rí ẹ̀kán òróró kan tó yọ lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ìgbà yìí, kì í ṣe ṣáájú, ni kí ẹ tó ka iye ml, nítorí ike ìdí abẹ́rẹ́ tuntun ti mu tirẹ̀.

Òróró tó kù nínú ìgò tí a ṣẹ́ lọ́rùn, ẹ dà á nù. A mọ̀ pé ó dunni nítorí owó. Ṣùgbọ́n kò ní ìdérí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni fífi í pamọ́ sínú sírínjì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́ pípe kòkòrò wá sínú itan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè tún ètò yín ṣe kí ìgò má máa ṣòfò. Ìgò ọlọ́rọ́bà lè dúró ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí ẹ bá kọ́kọ́ gún un. Ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: etí rọ́bà wà lórí ìlà iye yín, ẹ̀kán kan wà lẹ́nu abẹ́rẹ́, òróró mọ́ gaara, kò sí èérún kankan nínú rẹ̀ bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Gígún

Ẹ pààrọ̀ itan: ọ̀tún lọ́sẹ̀ yìí, òsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jókòó, ẹ má dìde. Ẹ fi sípíríìtì nu ibẹ̀, kó gbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Sípíríìtì tó tutù lára ló máa ń ta yòò nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlé.

Ẹ fi ọwọ́ kejì fa awọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bíi 2 cm, ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ẹ gún abẹ́rẹ́ wọlé lóòró gan-an, lẹ́ẹ̀kan, láìṣiyèméjì. Ẹni tó bá ń rọra tì í wọlé ló ń jẹ ìrora. Bí nọ́ọ̀sì yín bá kọ́ yín láti fa ọ̀pá sẹ́yìn díẹ̀ wò, ẹ ṣe é. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wọ sírínjì, ẹ yọ ọ́, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun pẹ̀lú èyí tuntun.

Ẹ ti oògùn jẹ́jẹ́. 1 ml òróró nínú 23G lè gba ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹ ka dé 10 kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ yọ ọ́ lóòró bó ṣe wọlé, ẹ wá jọ̀wọ́ awọ. Awọ á bo ojú ihò, òróró kò ní ṣàn padà. Ẹ fi òwú gbígbẹ tẹ ibẹ̀, ẹ má fi ra á.

Nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ gún un lẹ́yìn ìṣínu. Oògùn yìí ń pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wákàtí díẹ̀ kò ba nǹkan jẹ́, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan kì í ṣe ìṣòro. Ìrora díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kì í ṣe ìṣòro. Bí ìrora bá ta bíi iná lọ sí ẹsẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ikọ́ bá mú yín gẹ́lẹ́ lẹ́yìn gígún, ó lè jẹ́ pé òróró díẹ̀ bọ́ sí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ jókòó ṣánṣán. Ó sábà máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n bí èémí bá ń ká yín, tí àyà ń dùn yín, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé yín lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń pọ́n, tó ń gbóná, tó ń wú sí i lẹ́yìn ọjọ́ kejì, tàbí tí ibà bá tẹ̀ lé e.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: sírínjì ṣófo, òróró kò ṣàn sára awọ, ẹ lè rìn dáadáa. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: ọjọ́, ml, itan wo, abẹ́rẹ́ wo. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gún un gbẹ̀yìn ni dókítà yóò fi mọ ìtumọ̀ èsì tó wà níwájú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Abẹ́rẹ́ tí a ti lò

Ẹ má dé e padà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má jù ú sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Abẹ́rẹ́ á gún ọ̀rá jáde, ọmọ tó ń lọ da ilẹ̀ nù tàbí ẹni tó ń ṣa ike lórí ààtàn ni yóò gba tiyín sọ́wọ́. Kèǹgbè ọṣẹ ìfọṣọ olómi tàbí gálọ́ọ̀nù òróró tó nípọn, tó ní ìdérí oníyíyí, ló dára. Ẹ kọ "ABẸ́RẸ́, Ẹ MÁ ṢÍ I" sára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Sírínjì àti abẹ́rẹ́ méjèèjì ń wọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó dìde lórí àga. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá yín lò ó, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá yín, nítorí HIV àti àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C ń gba ibẹ̀ ràn.

Bí abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò bá gún ẹlòmíràn, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, kó má fún ẹ̀jẹ̀ jáde níbẹ̀, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó pé wákàtí 72.

Bí gálọ́ọ̀nù bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ yí ìdérí rẹ̀ pa, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Lọ́jọ́ kíníìkì tó ń bọ̀, ẹ gbé e dání, ẹ fà á lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kí wọ́n kó o mọ́ àwọn abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ sun.